Órígánò olódòdó ń jẹrà lọ́wọ́ mi nínú gíríńháòsì ní Ìpájà, èyí tó kù kò sì pọ́n

Adódòó_Ìpájà · 14 Oṣù Kẹfà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa tó ń gbin òdòdó tà. Ọ̀rọ̀ kan ń dùn mí, mo ní kí n gbé e wá síbí kí n tó fi ìbínú kó gbogbo rẹ̀ dà sí ààtàn.

Gíríńháòsì mi wà ní Ìpájà. Kò tóbi: mítà 8 ní fífẹ̀, mítà 24 ní gígùn, náílọ́ọ̀nù lórí, néẹ̀tì lẹ́gbẹ̀ẹ́. Tòmátì ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Ìgbà tó yá ni mo rí órígánò olódòdó tí wọ́n ń pè ní Kent Beauty. Kì í ṣe èyí tí wọ́n ń bù sórí písà o. Èyí máa ń wọ́ sílẹ̀ létí ìkòkò, àwọn ewé wínníwínní tó wà lórí rẹ̀ á sì to léra bí ìpẹ́ ẹja, á wá pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹni pé wọ́n fi osùn pa á. Mo ní nǹkan tí yóò tà fún àwọn ará Ìkòyí rèé. Mo gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ NAQS tó ń ṣọ́ ohun ọ̀gbìn tó ń wọ̀lú, mo ra ẹ̀ka tó ti ta gbòǹgbò, 300 ni gbogbo rẹ̀.

Látìgbà tí òjò ti ń rọ̀ gidi ni wọ́n ti ń kú. Ìdí rẹ̀ á kọ́kọ́ dúdú, á wá rọ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n jù. Ewé á sorí kọ́ bí ẹni pé òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, bẹ́ẹ̀ iyẹ̀pẹ̀ inú ìkòkò tutù rinrin. 110 ti lọ. Èyí tó kù ń gùn, ó ń tutù yọ̀yọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ìpẹ́ kankan lórí rẹ̀, ká má tíì sọ pé ó pọ́n. Ta ló ti gbìn ín rí l'Ékòó?

Ẹlẹ́fọ̀ọ́_Agége · 14 Oṣù Kẹfà

Ẹ̀fínrín tó gba físà ni jàre 😂 Ẹ já a sínú ọbẹ̀ ẹja tútù, kí owó yín má lọ lófo pátápátá.

Àgbà_Ọ̀gbà · 14 Oṣù Kẹfà

Ẹlẹ́fọ̀ọ́, ẹ̀fẹ̀ lẹ fi ṣe, ṣùgbọ́n ẹ ò jìnnà sóòótọ́. Ẹ já ọ̀pá ẹ̀fínrín kan, kí ẹ fi ìka méjì yí i: onígun mẹ́rin ni. Ọ̀pá órígánò náà onígun mẹ́rin ni. Ìdílé kan náà ni wọ́n. Èròjà kan tí wọ́n ń pè ní thymol ló pọ̀ nínú òórùn ọ̀pọ̀ ẹ̀fínrín wa. Carvacrol ló pọ̀ nínú ti órígánò, àwọn méjèèjì sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìbejì. Ọmọ ìyá ni wọ́n, àmọ́ ọ̀tọ̀ nibi tí kálukú dàgbà sí. Ẹ̀fínrín mọ òjò. Èyí kò mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀yà méjì ni wọ́n pa pọ̀ di Kent Beauty: rotundifolium láti òkè Tọ́kì àti àgbègbè rẹ̀, àti scabrum láti orí òkè Gíríìsì. Orí àpáta ni àwọn méjèèjì ń hù sí. Ní Gíríìsì, ìgbà òtútù ni òjò ń rọ̀, ìgbà ooru a gbẹ táútáú. Ọmọ ìyá wọn kan tún wà, dictamnus, tí kò sí níbòmíràn nínú igbó láyé àfi erékùṣù Kírétè, inú lílà àpáta ló ń gbé. Ẹ fi ojú inú wo ilé tí wọ́n ti wá, kí ẹ wá wo Ìpájà nínú oṣù Kẹfà.

Mo ṣiṣẹ́ nínú gíríńháòsì ní Nẹ́dálándì fún ọdún mẹ́fà kí n tó padà sílé, a gbìn ín níbẹ̀. Kí n tó sọ̀rọ̀ síwájú, Adódòó, ẹ dá mi lóhùn: kí ni ẹ rò sínú ìkòkò? Ẹ̀ẹ̀melòó lójúmọ́ lẹ ń bomi rin ín? Alẹ́ ńkọ́, ẹ ń ti ẹ̀gbẹ́ gíríńháòsì ni àbí ẹ ń ṣí i sílẹ̀? Ajílẹ̀ wo? Kí ẹ tún fa ọ̀kan nínú àwọn tó ń kú tu, kí ẹ fi èékánná méjì di gbòǹgbò rẹ̀ mú, kí ẹ rọra fà á. Kí lẹ rí?

Adódòó_Ìpájà · 15 Oṣù Kẹfà

Ẹ ṣeun, Bàbá. Ilẹ̀ dúdú tí wọ́n fi ọkọ̀ gbé wá, ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jíná, kókópíìtì (èèpo àgbọn tí wọ́n lọ̀) díẹ̀. Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ ń bomi rin ín. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú ni a máa ń já náílọ́ọ̀nù ẹ̀gbẹ́ wálẹ̀ torí atẹ́gùn òjò. Ajílẹ̀: NPK 15-15-15, ṣíbí kan fún ìkòkò kan lọ́sẹ̀ méjì-méjì.

Mo ti fa gbòǹgbò rẹ̀. Ìyanu ló jẹ́ fún mi. Awọ rẹ̀ bọ́ kúrò bí ìbọ̀sẹ̀, ohun tó kù lọ́wọ́ mi dà bí òwú ìránṣọ tẹ́ẹ́rẹ́.

Ọ̀gá_Fífọ́n · 15 Oṣù Kẹfà

Ẹ má da ara yín láàmú. Mancozeb ni oògùn rẹ̀. Ẹ po ó, ẹ fọ́n ọn lọ́sẹ̀ méjì léraléra. Ohun tí mo fi gba ata rodo mi là nìyẹn ní Ẹ̀gbẹ́dá.

Àgbà_Ọ̀gbà · 15 Oṣù Kẹfà

Ọ̀gá, mo gbọ́, ṣùgbọ́n ìṣòro tó wà lórí ewé ni mancozeb ń bá jà. Kì í wọ inú ewéko lọ. Ó máa ń dúró lórí ewé bí ẹ̀ṣọ́ tó dúró lẹ́nu géètì. Olè tó wà nínú yàrá kò mọ̀ pé ẹ̀ṣọ́ ń bẹ níta. Gbòǹgbò tí awọ rẹ̀ bọ́ bí ìbọ̀sẹ̀, iṣẹ́ Pythium ló jọ, ohun àìfojúrí kan tó ń mú gbòǹgbò rà. Omi ni ilé rẹ̀, inú omi ló ti ń lúwẹ̀ẹ́ láti gbòǹgbò kan dé èkejì. Oògùn tó ń bá a jà wà, metalaxyl, èyí tí gbòǹgbò ń fà mu. Àmọ́ bí ẹ bá rà á tí ẹ ò yí bí ẹ ṣe ń bomi rin padà, ẹ kàn ń fi owó fọ ìkòkò ni. Èyí tó ti rà nídìí kò ní jí. Ẹ kó o jáde lónìí, iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú, kí ẹ má dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó kù.

Ohun mẹ́rin ló ń pa á, ọ̀rẹ́ ara wọn sì ni wọ́n. Ilẹ̀ dúdú yẹn wúwo, kò jẹ́ kí atẹ́gùn dé ìdí gbòǹgbò. Ìgbẹ́ adìyẹ àti NPK ṣíbí kan ń mú kí ó yára gùn, ọ̀pá rẹ̀ á rọ̀, á kún fún omi. Iyọ̀ inú wọn tún ń jó ẹnu gbòǹgbò, ibi tó jó yẹn sì ni àìsàn ń gbà wọlé. Omi ìrọ̀lẹ́ kò ní àkókò tí yóò fi gbẹ kí ilẹ̀ tó ṣú. Èyí tó burú jù níbẹ̀ ni náílọ́ọ̀nù tí ẹ ń já wálẹ̀ lálẹ́. Ẹ wọ inú gíríńháòsì yín ní aago mẹ́fà ìdájí kí ẹ gbójú sókè. Èémí àwọn ewéko àti ọ̀rinrin ilẹ̀ ti gòkè, ó bá náílọ́ọ̀nù tó ti tutù, ó di omi, ó ń kán lé wọn lórí tó tó tó. Òjò tí ẹ sá fún níta, ẹ ti ṣe tiyín sínú ilé.

Oòrùn Èkó kọ́ ló ń pa órígánò. Ó fẹ́ràn oòrùn. Òru wa tó lọ́rinrin ni kò lè fara dà.

Ìyá_Ìbejì_Gbágadà · 15 Oṣù Kẹfà

Ẹ kú làákàyè o, Bàbá. Èmi máa ń da òkúta wẹ́wẹ́ sí ìsàlẹ̀ ìkòkò kí omi lè yára jò dànù. Ṣé yóò ran Adódòó lọ́wọ́?

Àgbà_Ọ̀gbà · 16 Oṣù Kẹfà

Ìyá Ìbejì, gbogbo wa ni wọ́n kọ́ bẹ́ẹ̀, òdì-kejì ló sì ń ṣe. Ẹ ṣe é wò nínú kíṣìnì yín. Ẹ mú fóòmù tí ẹ fi ń fọ abọ́, ẹ rì í bọ omi títí yóò fi mu àmuyó. Ẹ gbé e lé àtẹ́lẹwọ́, kí ó dùbúlẹ̀. Omi á kán, á kán, á dúró. Ó dà bíi pé ó ti tán. Ẹ wá gbé fóòmù yẹn nàró, kí ó fi orí kan dúró. Omi mìíràn á tún dà! Fóòmù kan náà ni, omi kan náà ni, gíga rẹ̀ nìkan ló yàtọ̀.

Bí iyẹ̀pẹ̀ inú ìkòkò ṣe rí náà nìyẹn. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ máa ń di omi mú ní ìwọ̀n kan, ìkòkò ìbáà ga ìbáà kúrú. Tí ẹ bá wá da òkúta sí ìsàlẹ̀, iyẹ̀pẹ̀ ti kúrú nìyẹn, ibi tó tutù ti gòkè bá gbòǹgbò. Ìkòkò tó ga, tí ihò ìsàlẹ̀ rẹ̀ pọ̀, tí iyẹ̀pẹ̀ inú rẹ̀ ṣe hàrà-hàrà, ni ẹ wá.

Èyí tí èmi ń pò: kókópíìtì apá méjì, èèpo ìrẹsì tí wọ́n ti sun dúdú apá méjì, yanrìn ṣáápù tí ẹ ti fọ̀ apá kan. Kókópíìtì náà, ẹ rẹ ẹ́, ẹ fún un, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, torí iyọ̀ máa ń wà nínú rẹ̀. Ìgbẹ́ adìyẹ, rárá. Ajílẹ̀ tó ṣe é yọ́ sómi ni kí ẹ lò, ìdajì ohun tí ẹ ń fún tòmátì, kó má tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Omi: ẹ sọ fún ọmọ yẹn kó má wo aago mọ́. Kí ó máa gbé ìkòkò sókè. Bí ó bá wúwo, kí ó gbé e kalẹ̀. Bí ó bá fúyẹ́ lọ́wọ́, kí ó bomi rin ín títí omi yóò fi jò nídìí, láàárọ̀ nìkan. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì ọwọ́ rẹ̀ á ti mọ̀ ọ́n ju ẹ̀rọ lọ.

Ìyá_Ìbejì_Gbágadà · 16 Oṣù Kẹfà

Mo ti ṣe ti fóòmù yẹn báyìí. Háà! Òkúta ọdún mẹ́wàá.

Adódòó_Ìpájà · 16 Oṣù Kẹfà

Bàbá, ó yé mi. Ṣùgbọ́n tí mo bá ṣí ẹ̀gbẹ́ sílẹ̀ lálẹ́, òjò á fẹ́ wọlé, ó sì máa ń fi igun rọ̀ níbí.

Wẹ́dà_Ìyànà_Ìpájà · 16 Oṣù Kẹfà

Èmi kì í ṣe àgbẹ̀, wẹ́dà ni mí, mo ti jó irin gíríńháòsì tó tó mẹ́wàá. Ẹ má ṣí gbogbo ẹ̀gbẹ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fa irin orí jáde ní mítà kan, kí náílọ́ọ̀nù gùn síta bí etí fìlà abetí ajá, kí ẹ wá ká ti ẹ̀gbẹ́ sókè dúró sábẹ́ rẹ̀. Òjò á kán síta, afẹ́fẹ́ á ráyè kọjá. Kí ẹ sì gbé ìkòkò kúrò nílẹ̀: tábìlì onírin, wáyà mẹ́ṣì lójú rẹ̀, kí afẹ́fẹ́ gba ìsàlẹ̀ fẹ́.

Àgbà_Ọ̀gbà · 16 Oṣù Kẹfà

Wẹ́dà ti sọ ọ́ tán. Fáànù kan tó rọra ń fẹ́ lóru, kí ẹ fi kún un bí iná bá wà.

Tẹ̀mí_Olódòdó · 19 Oṣù Kẹfà

Ẹ káàbọ̀ sórí ọ̀rọ̀ owó 😀 Mo ń to òdòdó fún ìgbéyàwó àti òtẹ́ẹ̀lì ní Erékùṣù Èkó. Ẹ jẹ́ kí n bá Ẹ̀gbọ́n Adódòó sọ òótọ́: tí kò bá ti ní ìpẹ́ pupa yẹn, n kò lè rà á. Ewé lásán ni, oníbàárà á ní kí ni ìyàtọ̀ rẹ̀ sí èyí tó wà lẹ́yìn fẹ́ǹsì bàbá òun. Èyí tó bá pọ́n ni mo lè so mọ́ òkè kó wọ́ wálẹ̀. A tún lè gé e, ká so ó kọ́ dorí kodò kó gbẹ, ìpẹ́ yẹn kì í tètè já. Ṣùgbọ́n yàrá oní-fáànù ló ti ń gbẹ. Mo so òdòdó kan kọ́ nínú stọ́ọ̀ nínú oṣù Keje rí, ó bu bí búrẹ́dì ọjọ́ márùn-ún.

Kí ló dé tí tiẹ̀ kò fi yọ ìpẹ́?

Ọ̀gá_Fífọ́n · 19 Oṣù Kẹfà

Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì inú ajílẹ̀ ni kò tó. Gbogbo ohun tó bá kọ̀ tí kò yọ òdòdó, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ni.

Àgbà_Ọ̀gbà · 20 Oṣù Kẹfà

Rárá, Ọ̀gá. Ẹ lè fi fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì sin ín, kò ní yọ. Òru ló ń kà.

Ewéko yìí máa ń ka gígùn òru ni. Bí òru bá gùn, ó gbà pé ìgbà òtútù ni, á jókòó sí ewé. Bí òru bá kúrú, ó mọ̀ pé ìgbà ooru ti dé ní ilé rẹ̀, á gbé òdòdó jáde. Ní Kírétè, ọjọ́ tó gùn jù nínú oṣù Kẹfà tó wákàtí 14 àti ààbọ̀. Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ ní Nẹ́dálándì, ó lé ní 16. L'Ékòó ńkọ́? Ọjọ́ tó gùn jù lọ́dún kò ju wákàtí 12 àti nǹkan bí 30 ìṣẹ́jú lọ, èyí tó kúrú jù jẹ́ nǹkan bíi 11 àti 45 ìṣẹ́jú. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì kò tó wákàtí kan! Lójú órígánò, Èkó ò ní ìgbà ooru rí. Ó ń retí ọjọ́ tí kò ní dé.

Ẹ ò nílò láti fi iná bo gbogbo òru. Ẹ fi ìmọ́lẹ̀ gé òru sí méjì: ẹ tan iná láti aago mẹ́wàá alẹ́ sí aago méjì òru. Òru gígùn kan á di kúkúrú méjì, ewéko á ṣìrò rẹ̀ sí òru kúkúrú. Iná náà kì í ṣe ti pápá bọ́ọ̀lù o. Tí ẹ bá lè fi ka ìwé ìròyìn nídìí ìkòkò, ó tó. Gílóòbù LED kéékèèké tó mọ́ pupa bí iná ìrọ̀lẹ́ dára ju funfun gbòò lọ.

Ohun kan tún kù. Ṣé ẹ ta néẹ̀tì ìbòòji sórí rẹ̀?

Adódòó_Ìpájà · 20 Oṣù Kẹfà

Bẹ́ẹ̀ ni, dúdú ni. Mo rò pé oòrùn yóò jó o.

Àgbà_Ọ̀gbà · 20 Oṣù Kẹfà

Ẹ ká a kúrò. Bí ó bá tilẹ̀ yọ ìpẹ́ lábẹ́ òjìji, àwọ̀ ewé ni yóò ní. Oòrùn ló ń kùn ún ní pupa. Ọ̀sán gangan nínú oṣù Kejì sí Kẹta nìkan ni mo lè gbà yín láyè láti bò ó.

Ẹlẹ́fọ̀ọ́_Agége · 20 Oṣù Kẹfà

Gíríńháòsì tó ń tan iná láti aago mẹ́wàá sí méjì lóru ní Ìpájà. Àwọn aládùúgbò á ní ẹ ti dá ìjọ sílẹ̀.

Adódòó_Ìpájà · 3 Oṣù Kẹjọ

Ẹ má bínú pé mo dákẹ́. Mo ti pààrọ̀ iyẹ̀pẹ̀ gbogbo èyí tó kù. Wẹ́dà wá fúnra rẹ̀, ó ṣe etí fìlà yẹn (owó irin kò ṣeé gbọ́, ẹ jẹ́ ká fi síbẹ̀). 27 míràn kú láàárín ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, Bàbá ní àwọn yẹn ti kó àìsàn tẹ́lẹ̀. Láti ìgbà náà, ọ̀kan ṣoṣo. 162 ló wà láàyè báyìí, òjò sì ti ń sinmi fún ìdákẹ́ oṣù Kẹjọ.

Mo gé ẹnu wọn kí wọ́n lè yọ ẹ̀ka. Àwọn ẹnu tí mo gé, bí ìka méjì ní gígùn, mo rì wọ́n sínú èèpo ìrẹsì àti yanrìn. Ọjọ́ 18, wọ́n ti ta gbòǹgbò funfun.

Àgbà_Ọ̀gbà · 3 Oṣù Kẹjọ

Ẹ kú iṣẹ́. Láti ẹ̀ka nìkan ni o, àdàpọ̀ ni Kent Beauty, irúgbìn rẹ̀ kì í jọ ìyá. Ẹ má tan iná báyìí. Òjò oṣù Kẹsàn-án àti Kẹwàá ṣì ń bọ̀, ìpẹ́ tó bá jáde nínú rẹ̀ á rà. Ẹ tan án ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kọkànlá, kí ó lè bá ọyẹ́ pàdé.

Adódòó_Ìpájà · 9 Oṣù Kìíní

Ẹ kú ọdún o, ẹ kú ìyèdún!

Mo pín wọn sí méjì. 120 wà lábẹ́ gílóòbù, sólà kékeré kan ló ń gbé e torí n kò lè gbẹ́kẹ̀ lé Nẹ́pà fún wákàtí mẹ́rin léraléra. 40 wà ní ìpẹ̀kun kejì, mo fi ọ̀rá dúdú dá ààrin wọn kí ìmọ́lẹ̀ má dé ọ̀dọ̀ wọn. Omi kan náà, ajílẹ̀ kan náà. (Méjì tó kù, ìyàwó mi gbé wọn lọ sí bálíkónì.)

Àwọn tó wà lábẹ́ iná bẹ̀rẹ̀ sí í ká ẹnu wọn sínú ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún. Mo rò pé kòkòrò ni. Ìpẹ́ ni! Ewé ni àwọ̀ rẹ̀ nígbà náà, bí ọyẹ́ ṣe wá gbẹ afẹ́fẹ́, tí oòrùn ń wọlé tààrà, etí rẹ̀ ń pọ́n díẹ̀díẹ̀. 40 tó wà lẹ́yìn ọ̀rá dúdú kò yọ ẹyọ kan. Ẹyọ kan!

Kò ṣàì ní wàhálà. Àwọn kòkòrò funfun tó ń fò bí eérú wá láti oko tòmátì aládùúgbò, mo so páálí àwọ̀ yẹ́lò tó ní gúlúù kọ́, wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn bí ìyọ̀rọ̀. Nígbà tí ọyẹ́ le, àwọn wínníwínní tó ń hun òwú bí aláǹtakùn bọ́ sábẹ́ ewé bí ogún ìkòkò. Mo gé wọn, mo dáná sun ún.

Tẹ̀mí wá, ó kó 45. Ó ní òun fẹ́ kó sí i ṣáájú ọjọ́ olólùfẹ́.

Tẹ̀mí_Olódòdó · 9 Oṣù Kìíní

Èmi náà rèé. Oníbàárà kan bi mí bóyá oníke ni. Mo ní kó fọwọ́ kàn án, kó gbóòórùn ọwọ́ rẹ̀.

Ọ̀gá_Fífọ́n · 9 Oṣù Kìíní

Mo gbà. Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì kọ́. Àwọn 40 yẹn ńkọ́, ẹ ò dà wọ́n nù?

Àgbà_Ọ̀gbà · 10 Oṣù Kìíní

Kó dà wọ́n nù kẹ̀! Àwọn ló níye lórí jù níbẹ̀. Ẹ̀ka tó ti ń gbé òdòdó kì í fẹ́ ta gbòǹgbò dáadáa. Ní Nẹ́dálándì, bí ìgbà ooru bá dé, aṣọ dúdú ni a máa ń fà bo àwọn ìyá ewéko nírọ̀lẹ́ kí wọ́n má baà yọ òdòdó, kí a lè máa rí ẹ̀ka gé lára wọn. Iṣẹ́ ojoojúmọ́ ni, ó ń ná wọn lówó. Èkó ń bá Adódòó ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Láti oṣù Kìíní dé oṣù Kejìlá, kò sí ọjọ́ tí àwọn ìyá yẹn kò ní wà ní ewé.

Adódòó_Ìpájà · 10 Oṣù Kìíní

Bàbá, mo ti ń fojú àánú wò wọ́n láti oṣù Kọkànlá! Ọ̀la ni n ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé.

Ìyá_Ìbejì_Gbágadà · 10 Oṣù Kìíní

Ẹ fi 30 sílẹ̀ fún mi nínú àwọn tó bá ta gbòǹgbò. Mo ti kó òkúta kúrò nínú gbogbo ìkòkò mi, àwọn ọmọ ti fi ń ta ayò.